Dókítà Hosokawa, ológbò 400 àti májèlé inú ẹja

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, dókítà ará Japan kan, Hajime Hosokawa, fi tó iléeṣẹ́ ètò ìlera ìlú Minamata létí pé àìsàn kan ti dé tóun ò mọ̀dí rẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan tí kò lè rìn dáadáa mọ́, tí ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n gbé wá. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé wọn. Àwọn ológbò etí òkun náà ń ta gìrì, wọ́n ń já sómi.

Ẹ fọkàn sí ibi tí dókítà yìí ti ń ṣiṣẹ́ o. Òun ni ọ̀gá ilé ìwòsàn Chisso, iléeṣẹ́ kẹ́míkà tó ti ń da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú òkun níbẹ̀ láti ọdún 1932.

Mẹ́kúrì wà nínú omi náà, oríṣi tó burú jù tí wọ́n ń pè ní methylmercury. Nǹkan abẹ̀mí tíntìntín inú òkun gbé díẹ̀ mì. Ẹja wẹẹrẹ jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹja ńlá jẹ ẹja wẹẹrẹ. Ara kì í tètè lé májèlé yìí jáde, nítorí náà, bí ẹnì kan ṣe ń jẹ ẹnì kejì ló ń ki sí i. Ọ̀dọ̀ apẹja, ìdílé rẹ̀ àti ológbò rẹ̀ ló parí sí. Ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá pẹ̀lú: àwọn ìyá kan tí ara wọn dá ṣáká bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. (Ẹ má sì rò pé iná á pa á: sísè, yíyan, dídín, kò sí èyí tó ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹja.)

Lóṣù Keje ọdún 1959, Hosokawa bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́ náà sínú oúnjẹ ológbò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 400. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ológbò náà ń ta gìrì. Ó sọ fáwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní kó dá ìdánwò náà dúró, wọ́n bo àbájáde rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Chisso fún àwọn aláìsàn lówó ìbánikẹ́dùn, wọ́n ní kí wọ́n buwọ́ lùwé pé àwọn ò ní béèrè kọ́bọ̀ mọ́, kódà bó bá wá hàn pé iléeṣẹ́ náà ló fà á.

Hosokawa dákẹ́. Dókítà lèmi náà, mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ bí irú ìdákẹ́ yẹn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1968 ni wọ́n tó dẹ́kun dída omi yẹn.

Lóṣù Keje ọdún 1970, àwọn ará ilé ẹjọ́ lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kan ní Tokyo, níbi tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dá a dùbúlẹ̀ sí. Ó ròyìn ológbò 400 fún wọn. Ó kú lóṣù Kẹwàá. Àwọn aláìsàn náà jàre ní kóòtù Kumamoto lóṣù Kẹta ọdún 1973.