Ẹrú Tí Ó Di Bíṣọ́ọ̀bù: Ohun Tí Ìwé Sáàmù Lè Ṣe Fún Ọ

  Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ka ojú ìwé yìí ni inú rẹ̀ dùn. Ọmọ ẹlòmíràn kàwé tán, kò ríṣẹ́. Ara ẹlòmíràn kò yá. Ẹlòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó finú hàn ni ó tú u ní àṣírí. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí a wo ìgbé ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lónìí, kí a sì ṣí Ìwé Sáàmù sílẹ̀ bí a ti ń wò ó. Gbogbo ibi tí ọkùnrin yìí gbà kọjá ni Sáàmù kan wà fún.

Òṣoògùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1821, nígbà tí kò tíì ju ọ̀dọ́mọkùnrin kékeré lọ, ogun dé bá ìlú náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n sá, òun fúnra rẹ̀ sì padà síbi ìjà. Kò sí bí wọn yóò ti sá. Wọ́n fi okùn sí Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n sì ń wọ́ wọn lọ, nígbà tí èéfín ìlú wọn ń rú lẹ́yìn wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì tún dá ọmọ náà padà bí ọjà tí a ná tí kò wọ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó létí òkun.

Ará mi, ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà sọ ní ilé ìjọsìn. Ní àkókò náà, ìbànújẹ́ pọ̀ lórí ọmọ yìí débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Ní òru, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837. Kò fi pamọ́, kò sì fi ṣe ìtìjú. Ẹni tí Ọlọ́run ti yàn láti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń wá ikú nínú òkùnkùn yẹn, kò sì mọ ohun tí ó wà níwájú.

Ṣé ìwọ náà ti dé irú ibẹ̀ rí? Bóyá ibẹ̀ ni o wà lónìí. Ṣí Sáàmù 88. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹkún láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò fi orin ayọ̀ parí rẹ̀, inú òkùnkùn ni ó parí rẹ̀ sí. Síbẹ̀ Ọlọ́run gbà kí ó wà nínú Ìwé Mímọ́. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé Ọlọ́run kò bínú sí ẹni tí ń sunkún níwájú Rẹ̀. Má ṣe dá wà pẹ̀lú irú èrò bẹ́ẹ̀. Ké pe Ọlọ́run, kí o sì lọ bá ènìyàn kan: òbí rẹ, àlùfáà rẹ, tàbí dókítà ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá sọ ti inú rẹ̀ jáde lálẹ́ òní lè rí òwúrọ̀ ọ̀la.

Ọjọ́ mìíràn sì mọ́ fún Àjàyí. Wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, òun àti àwọn ẹrú mìíràn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń dènà òwò ẹrú lé ọkọ̀ náà bá, wọ́n sì gba àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, wọ́n sọ̀ wọ́n sí Freetown ní Sàró. Ka Sáàmù 124, níbi tí a ti fi ẹni tí a gbà wé ẹyẹ tí pàńpẹ́ rẹ̀ já. Ẹyẹ kọ́ ni ó já pàńpẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ yìí kò mọ ẹni kan nínú ọkọ̀ tí ó gbà á, kò sì gbọ́ èdè wọn. Olúwa ni ó rán wọn.

Ní Sàró, ó jókòó ti ìwé. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní ọdún 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Ìlú Òyìnbó. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn tí a ti kó lẹ́rú bí tirẹ̀. Rò ó wò, ìwọ òǹkàwé mi. Àwọn tí wọ́n rò pé ilé ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ títí láé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá wọn.

Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nárì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Nǹkan bí ọdún 25 ti kọjá tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n di ara wọn mú, ẹnu wọn kò sì gba ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, ó sì ń jẹ́ Hánà. Orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì ni! Bí o bá fẹ́ mọ Sáàmù tí ó bá ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mu, ka Sáàmù 126, orin àwọn ìgbèkùn tí ìpadàbọ̀ wọn yà wọ́n lẹ́nu débi pé wọn kò mọ̀ bóyá ojú oorun ni àwọn wà. Ìwọ ìyá tí ọmọ rẹ lọ tí o kò gbúròó rẹ̀, má ṣe pa Sáàmù yẹn dé.

Ọpẹ́ tirẹ̀ kò mọ sí ẹnu nìkan. Crowther fi ọ̀pọ̀ ọdún túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa. A máa tẹ́tí sí àwọn àgbàlagbà, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ àti òwe wọn sílẹ̀, kí ohun tí ó bá kọ lè dùn létí ẹni tí kò mọ èdè mìíràn. Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí ó ti kọ ṣáájú sì jóná. Ohun tí a fi ọdún gbáko ṣe di eérú ní ọjọ́ kan. Kò jókòó ti eérú. Ó tún gbé kálámù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí Thomas King, ṣe iṣẹ́ náà ní ìwé kọ̀ọ̀kan, títí odidi Bíbélì fi pé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884. Nígbàkígbà tí ìyá àgbà ní Kábà bá ka Sáàmù 23 lórí ibùsùn rẹ̀ láìwo ìwé, ó ń jẹ nínú oúnjẹ tí ẹrú àná sè.

Jẹ́ kí n wá mú ọ dé ìtòsí wa. Ẹni tí ó bá gba Ọ̀bájànà kọjá láti Kábà yóò dé Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Crowther ti kọ́kọ́ dé ìhà ibẹ̀ ní ọdún 1841, pẹ̀lú ọkọ̀ ìrìn àjò tí ibà pa òyìnbó tí ó lé ní 40 nínú wọn. Ó tún padà wá. Ní ọdún 1857 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìyìn rere lórí odò Ọya. Ní Gbebe, ní ìpàdé odò méjèèjì, a rí James Thomas lára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Òkun wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí ó sì gba Sàró padà wá láti wàásù. Ní àkókò yẹn, ogun Tápà ń kó àwọn ènìyàn wa. Àwọn baba ńlá wa ń sá gun orí òkè. Ọ̀pọ̀ tí ọwọ́ bà ni wọ́n kó gba ojú odò lọ. Ibi tí ẹkún wà ni Crowther gbé ìyìn rere lọ.

Kò sì rọrùn fún un. Ní nǹkan bí ọdún 1866 ogun tú Gbebe ká, iṣẹ́ náà sì kó lọ sí Lọ́kọ́jà. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko, ní ìhà Ìdá, mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson, ó ń bèèrè owó ẹyọ rẹpẹtẹ kí ó tó dá wọn sílẹ̀. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà, Ọ̀gbẹ́ni Fell, wá gbà wọ́n. Bí wọ́n ti ń sá lọ sínú ọkọ̀, ọfà bá Fell, ó sì kú. Àjàyí tún bọ́ lọ́wọ́ ìdè lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹlòmíràn lọ sí i. Kí ni ó ṣe lẹ́yìn èyí? Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lórí odò náà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wa ti sọ Ìwé Sáàmù di oògùn. Bí wọ́n bá fi orúkọ ọ̀tá sínú Sáàmù 109, wọ́n á máa retí kí ọ̀tá ṣubú lulẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èpè ni Àjàyí fi ń gbẹ̀san, ta ni ìbá kù láìgbẹ̀san lára rẹ̀? Ẹni tí ó kó o ni, àbí ẹni tí ó tà á, àbí ẹni tí ó fi í pààrọ̀ ẹṣin? Dípò èpè, ó gbé ìyìn rere padà wá sí ilẹ̀ tí ó tà á. Nínú Sáàmù, a máa gbé ìbínú wa lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kí ó má baà wà lọ́wọ́ wa mọ́. Ẹni tí ó bá gbé e síbẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ iyì dé fún Crowther ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nígbà tí a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọ̀gágun ojú omi Leeke, tí ọkọ̀ rẹ̀ gbà á lọ́dún 1822, wà níbẹ̀. Ìyáàfin Weeks tí ó kọ́ ọ ní ìwé nígbà èwe rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò. Ní ìparí àwọn ọdún 1880, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì kan dé láti Ìlú Òyìnbó, wọ́n sì ń rí àléébù nínú gbogbo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ṣe. Ní ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ó sùn nínú Olúwa ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ àgbà tí o fi èwe rẹ sin ìjọ, tí àwọn ọmọdé wá ń bi pé kí ni o ṣe, Sáàmù 71 ni tìrẹ. Àdúrà ẹni tí ewú ti bo orí rẹ̀ ni, tí ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dúró ti òun títí dé òpin. Kí o sì fi Sáàmù 37 tẹ̀ lé e, èyí tí ó ní kí a fi ẹjọ́ wa sílẹ̀ fún Olúwa. Ǹjẹ́ Ó máa ń dá ẹjọ́ náà? Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ọdún 150 pé tí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury kan náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby sì tọrọ àforíjì fún ìwà tí a hù sí i. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí ó ti kú. Kò gbọ́ ọ ní etí ara. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run kì í sọnù.

Nítorí náà, ará mi, ní ọ̀sẹ̀ yìí, mú Sáàmù márùn-ún yìí lọ́kọ̀ọ̀kan: 88 bí o bá ń sunkún, 124 bí o bá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, 126 bí o bá ń retí ẹni tí ó jìnnà, 37 bí a bá ṣe ọ́ níbi, àti 71 bí ọjọ́ bá ti lọ. Kà á sókè kí àwọn ará ilé rẹ lè gbọ́. Má ṣe sáré kà á. Níbi tí ó bá ti kan ọ̀rọ̀ rẹ, dúró níbẹ̀, kí o sì gbàdúrà.

Àdúrà: Baba wa, Ìwọ tí o rí Àjàyí nínú ìdè tí o kò sì gbàgbé rẹ̀, rí wa lónìí. Tu ẹni tí ń sunkún nínú. Fi ọ̀nà han ẹni tí ó ṣìnà. Mú àwọn ọmọ wa tí ó jìnnà padà bọ̀ wálé. Gba ẹjọ́ wa lọ́wọ́ wa, kí o sì fi orin ìyìn sí wa lẹ́nu. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.