Edward Blyden Lẹ́yìn Tí Ó Bọ́ Ẹ̀wù Àlùfáà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀yìn ni ó sì ń wò nígbàkigbà tí ó bá dìde. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. A kò bí i sí ilẹ̀ wa, kò sì kú sí ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ tí àwọn ìjọ onígbàgbọ́ kan fi dìde ní Èkó láyé àtijọ́, tí wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ oníyàwó púpọ̀, kò lè ṣàì bá orúkọ Edward Wilmot Blyden pàdé.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1832 ni a bí i ní erékùṣù St. Thomas, ní West Indies, tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Denmark nígbà náà. Oko ẹrú ṣì wà ní erékùṣù náà, ṣùgbọ́n òmìnira ni àwọn òbí tirẹ̀. Àlùfáà òyìnbó kan, John Knox, rí i pé làákàyè ọmọ náà mú, ó sì fẹ́ kí ó kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1850 Blyden dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Rutgers. Wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó gbìyànjú níbòmíràn, bákan náà ni ọmọ ṣe orí. Ọdún yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà ṣe òfin líle nípa mímú ẹrú tí ó bá sá, débi pé aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹrú ẹnikẹ́ni rí kò lè fọkàn balẹ̀ rìn ní ìgboro. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń kó aláwọ̀ dúdú padà sí Áfíríkà ni ó fi í sọ́kọ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Monrovia ní ilẹ̀ Liberia ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1851. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ilẹ̀kùn ìjọ tí ọkùnrin yìí wá ti fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn, àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ tì í mọ́ ọn lójú.

Ní Liberia, ọ̀nà là fún un. Ó kàwé, ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ìjọ Presbítéríà ní ọdún 1858. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ náà ṣí ní 1862, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Láti 1864 dé 1866 ó tún jẹ́ akọ̀wé ìjọba fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Àlùfáà, olùkọ́ àti òṣèlú ni ó dà pọ̀ sára ẹnì kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í jẹ iṣu méjì nínú iná kan kí ọ̀kan má jóná.

Iná náà ràn ní ọdún 1871. Edward Roye ni Ààrẹ Liberia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni Blyden. Ìjà wà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú pàdé lára wọn, tí wọ́n ti ń di agbára mú látẹ̀yìnwá, Blyden kò sì fi bò pé òun kórìíra àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ wá fẹ̀sùn kàn án pé ó ń bá aya Ààrẹ ní àṣepọ̀. Wọn kò gbé ẹ̀sùn náà dé ilé ẹjọ́. Àwọn jàǹdùkú ni wọ́n mú un, wọ́n sì ń fi okùn fà á káàkiri ìgboro Monrovia kí àwọn kan tó gbà á sílẹ̀. Ó sá lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti lé Roye pàápàá kúrò lórí oyè.

Ohun tí ó rí ní ilẹ̀ Sàró àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tún ọkàn rẹ̀ dá. Ṣáájú ìgbà yìí, ní 1866, ó ti rìnrìn àjò lọ sí Íjíbítì, Sìríà àti Jerúsálẹ́mù, ó sì jókòó fún oṣù mélòó kan kọ́ èdè Lárúbáwá. Ìdí tí ó fi kọ́ ọ ni pé kí ó lè wàásù fún àwọn Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Freetown rán an lọ sí Falaba ní 1872 àti Timbo ní 1873, oníwàásù náà di akẹ́kọ̀ọ́. Ó rí aláwọ̀ dúdú tí ó ń kàwé, tí ó ń kọ̀wé, tí ó ń ṣe ìdájọ́, tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àti mọ́ṣáláṣí, tí kò sì sí òyìnbó kan tí ó dúró lé e lórí. Ó rí ìlú tí ọtí kò wọ̀. Ó wá fi wọ́n wé àwọn onígbàgbọ́ etíkun, àwọn tí ó fi fìlà gogoro àti orúkọ òyìnbó ṣe ìwọ̀n ọ̀làjú, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Ó padà sí Liberia, ó ṣe aṣojú ilẹ̀ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti 1880 dé 1884, ó sì díje fún ipò Ààrẹ ní 1885. Hilary Johnson ni ó borí rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1886, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ àlùfáà ìjọ Presbítéríà sílẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé ìbìnú ẹni tí ó pàdánù ìbò ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ lọ́wọ́ míṣọ́nnárì kò lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn Blyden. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1887, ni ìwé rẹ̀ tí ó sọ ọ́ di olókìkí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí ẹ̀sìn Kristi, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ìran aláwọ̀ dúdú. Ó sọ níbẹ̀ pé Ìsìláàmù ti ṣe aláwọ̀ dúdú lóore ju ìgbàgbọ́ tí òyìnbó gbé wá lọ, nítorí pé ó wọlé wá láìsọ ẹni tí ó gbà á di ẹrú. Kò bú Jésù. Àwọn tí ó gbé Jésù wá, tí wọ́n sì fi aṣọ ìlú wọn wọ̀ ọ́, ni ó bá wí. Láti ìgbà náà ó ń pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ òtítọ́. Kò di Mùsùlùmí, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń sọ ọ́ kiri. Bẹ́ẹ̀ ni kò tún padà sábẹ́ ìjọ kankan gẹ́gẹ́ bí àlùfáà.

Ìgbà tí ó dé Èkó ní òpin ọdún 1890 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa gan-an. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó ti dójú ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther nínú ìpàdé kan ní Onitsha, wọ́n ń yọ àwọn àlùfáà rẹ̀ níṣẹ́ lójú rẹ̀, arúgbó náà sì kọ ipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ wọn. Èkó ń hó. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1891, Blyden dìde nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Breadfruit, ó sì bá àwọn ọmọ ẹrú tí ó padà wálé sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, tí wọn yóò máa fi ọwọ́ ara wọn darí. Kí oṣù kẹjọ ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti dá ìjọ U.N.A. sílẹ̀. Crowther kú ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún náà. Ìjọ tuntun yìí kò ta oníyàwó púpọ̀ nù, kò sì pe ìlù àti orúkọ ìbílẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀. Blyden tí ó tan iná náà kò jókòó láti yá a. Kò ṣe àlùfáà fún wọn. Àwọn tí ó jókòó ni ẹ jẹ́ kí a máa yìn, irú Mojola Agbebi, tí ó ti ń jẹ́ David Vincent títí ó fi pa orúkọ náà dà ní 1894, tí ó sì fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pátápátá. Blyden yin Agbebi púpọ̀. Kóòtù òyìnbó ni òun alára wọ̀ títí.

Ó tún padà sí Èkó ní 1896 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀ràn àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn òbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí kì í fẹ́ fi ọmọ sílé-ìwé nígbà náà, nítorí pé ilé-ìwé àti ìrìbọmi kò ya ara wọn. Blyden wà lára àwọn tí ó ṣe ètò tí ìjọba fi ṣí ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí ní Èkó lọ́dún yẹn. Ó ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ilẹ̀ Sàró láti 1901 dé 1906.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le. Ní 1908 ni ó kó àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìgbé-ayé àti àṣà Áfíríkà jọ sínú ìwé kan. Ó gbèjà ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí jọ ni. Ó gbèjà Poro àti Bundu, àwọn ẹgbẹ́ awo tí ilẹ̀ Sàró fi ń tọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ó sì gbèjà fífẹ́ ju aya kan lọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé lábẹ́ ètò yìí, kò sí obìnrin tí kò ní ilé ọkọ, kò sì sí ẹni tí òṣì sọ di aṣẹ́wó bí ó ti rí i ní àwọn ìlú ńlá Yúróòpù.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Blyden wo agboolé láti ìta gbangba. Ẹni tí a tọ́ sínú agboolé mọ̀ pé òwú ni òrogún ń jẹ, pé ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá kì í ṣe ohun kan náà ní ọjọ́ ogún pínpín. Ifá pàápàá ní ẹsẹ̀ tí ó kìlọ̀ fún ọkùnrin lórí aya púpọ̀. Àwọn baba wa ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀ràn náà kí òyìnbó tó dé. Míṣọ́nnárì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, Blyden pè é ní ọgbọ́n. Kò sí èyí tí ó gbọ́ iyàn náà nínú àwọn méjèèjì.

Ilé tirẹ̀ sì ń kọ́? Ó gbé Sarah Yates níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1856, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Ìdílé Yates wà lára àwọn ẹlẹ́jẹ̀ méjì tí ó ń bú nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni òun àti Anna Erskine, olùkọ́ kan, jọ wà ní Freetown fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún. Níbi tí a ti ń fẹ́yàwó lọ́nà àṣà, ìyálé a mọ ìyàwó, ẹbí a mọ ẹbí, ọkọ a sì máa bójú tó gbogbo wọn ní agboolé kan. Ti Blyden kì í ṣe èyí. Kì í sì ṣe ti aya olórùka. Mi ò sọ pé nítorí ilé rẹ̀ ni ó ṣe kọ ìwé náà, nítorí ó ti ń ronú lórí àṣà ṣáájú. Ṣùgbọ́n àṣà tí ó gbèjà kò bo ohun tí ó ṣe mọ́lẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń yìn ín mọ èyí.

Nípa ti ìṣèlú, ó ṣì í. Ó gbà pé òyìnbó kò ní pẹ́ nílẹ̀ wa, pé ooru àti ibà yóò lé wọn lọ, nítorí náà kò burú kí wọ́n bá wa tún ọ̀nà ṣe fún ìgbà díẹ̀. Èkó tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní 1896, ọdún 1960 ni ó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó kú ní Freetown ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1912. Ìsìn ìsìnkú onígbàgbọ́ ni wọ́n ṣe fún un. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé òkú lọ sí ibojì ní Race Course, àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí bọ́ síwájú, wọ́n gbé pósí rẹ̀ lé èjìká, àwọn Mùsùlùmí mìíràn sì tẹ̀ lé e lọ́pọ̀ yanturu pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjọ.