Hillel, Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Rí Owó Ẹnu Ọ̀nà San

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti mú ọmọ lọ sí yunifásítì nílẹ̀ yìí tàbí ní Amẹ́ríkà ló ti rí orúkọ kan tí a ò bìkítà fún: Hillel. Wọ́n á kọ ọ́ sára ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tàbí sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Júù ti ń pàdé. Wọ́n á jọ jẹun alẹ́ Fúráìdé, wọ́n á kọ́ èdè Hébérù, wọ́n á ka ìwé àwọn baba wọn, wọ́n á jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á sì jọ ṣe ọdún.

Àwa tí à ń gbé Barking àti Dagenham níbí, àwọn Júù kì í ṣe àjèjì sí àdúgbò wa. Nígbà tí London County Council kọ́ àwọn ilé Becontree láàrin 1921 sí 1935, láti East End ni ọ̀pọ̀ àwọn ayálégbé ti wá, àwọn Júù sì wà nínú wọn. Sínágọ́gù wọn wà ní Becontree Avenue fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn sínágọ́gù ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó ń jẹ́ Hillel gan-an ni, nítorí pé ó dá mi lójú pé àwa òbí Yorùbá á rí nǹkan dì mú nínú ayé ẹ̀. Kì í ṣe olówó tó fowó kọ́lé fún yunifásítì o. Ó ti kú láti bí 2,000 ọdún sẹ́yìn.

Bábílónì ni wọ́n bí i sí, ilẹ̀ tí à ń pè ní Iraq lónìí. Àwọn Júù tí wọ́n kó nígbèkùn lọ síbẹ̀ láyé Nebukadinésárì, kì í ṣe gbogbo wọn ló padà sílé nígbà tí ọ̀nà là. Ọ̀pọ̀ ti fìdí múlẹ̀, wọ́n ti ń bímọ, wọ́n ti ń ṣòwò. Ọmọ lẹ́yìn odi ni Hillel nígbà náà, bíi tàwọn ọmọ wa. Ìtàn sọ pé ìran Dáfídì ọba ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò fi kọ́bọ̀ sápò ẹ̀. Ó ní arákùnrin kan, Shebna, tó ń ṣòwò tiẹ̀. Hillel ní tiẹ̀ di ẹrù, ó kọrí sí Jerúsálẹ́mù, ó lọ kàwé.

Àwọn Júù máa ń ka ọjọ́ ayé ẹ̀ sí ọgọ́fà ọdún bíi ti Mósè: ogójì ní Bábílónì, ogójì nídìí ẹ̀kọ́, ogójì nípò olórí. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìṣirò yẹn. Ayé Hẹ́rọ́dù ọba ló gbé ṣáá, ó sì ti ní ìdílé tó ń bọ́ nígbà tó ń lọ síléèwé.

Àwọn olùkọ́ ńlá méjì ló wà ní Jerúsálẹ́mù nígbà náà, Shemaya àti Avtalyon. Ìtàn tiẹ̀ sọ pé ìran àwọn àjèjì tó gba ẹ̀sìn Júù ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ lébìrà ni Hillel ń ṣe. Ìdajì dínárì kan ni wọ́n ń san fún un lóòjọ́. Ó máa ń pín in sí méjì: apá kan fún oúnjẹ ilé, apá kejì fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹni tí kò bá sanwó ò lè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kí ẹ lè san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ẹ mọ irú ìpín yẹn dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, kò ríṣẹ́. Kò sówó, aṣọ́nà ò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ Fúráìdé ni, àsìkò òtútù, Sábáàtì sì ń wọlé bọ̀ nírọ̀lẹ́. Hillel ò padà sílé. Ó gun orí òrùlé, ó lọ dọ̀bálẹ̀ síbi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ilé, ó tẹ́tí sí ohun tí àwọn olùkọ́ ń sọ nísàlẹ̀. Òjò dídì bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ pé ó ń bo òun mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Shemaya ṣàkíyèsí pé ilé ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n wòkè, wọ́n rí àwòrán èèyàn lójú ihò. Nígbà tí wọ́n gòkè, òjò dídì tó ga tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta ni wọ́n bá lórí ẹ̀. Wọ́n gbé e wálẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n gbé e jókòó sídìí iná. Ẹ rántí pé Sábáàtì ni, ọjọ́ tí Júù kì í dáná. Àwọn olùkọ́ náà gbà pé ó yẹ kí èèyàn torí irú ẹni báyìí tẹ òfin Sábáàtì lójú.

Nígbà tó yá tí orúkọ ẹ̀ ròkè, Shebna arákùnrin ẹ̀ dé, ó ní kí àwọn jọ pín in: òun á mú owó wá, kí Hillel náà fún òun nínú èrè ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ohùn kan láti ọ̀run ló sọ pé irú káràkátà bẹ́ẹ̀ ò sí. Níbi tí ebi ti ń pa ọmọ ìyá ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ pípín lẹ́nu bùrọ̀dá, àbí?

Bó ṣe di olórí náà dùn ún gbọ́. Lọ́dún kan, ọjọ́ tí wọ́n ń pa ọ̀dọ́ àgùntàn Àjọ Ìrékọjá bọ́ sí Sábáàtì. Ṣé kí wọ́n pa á ni, àbí kí wọ́n má pa á? Àwọn ọmọ Bathyra tó wà nípò àgbà lásìkò náà ti gbàgbé òfin ẹ̀. Ẹnì kan ló rántí pé ọkùnrin Bábílónì kan wà tó kàwé lọ́dọ̀ Shemaya àti Avtalyon. Wọ́n pè é. Ó fi àlàyé lórí àlàyé hàn wọ́n pé kí wọ́n pa á, ó sì ní ẹnu àwọn olùkọ́ òun méjèèjì lòun ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n dìde fún un lórí àga, wọ́n fi í jẹ olórí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ló tẹ̀ lé e. Orí Hillel wú díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n kàwé lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ńlá tó wà nítòsí wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bi í pé tí èèyàn bá gbàgbé láti gbé ọ̀bẹ wá kí Sábáàtì tó wọlé ńkọ́? Òfin yẹn fò lọ lórí ẹ̀ pátápátá! Ó wá ní kí wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ará ìlú á ṣe. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ̀kúnnù dé, ẹni tó ní àgùntàn ti ki ọ̀bẹ bọ inú irun ẹ̀, ẹni tó ní ewúrẹ́ ti fi há àárín ìwo ẹ̀. Hillel rí i, ó sì rántí òfin. Àwọn Júù ò fi ìtàn yìí pa mọ́ láti bo ògá wọn láṣìírí. Wọ́n fi kọ́ ọmọ wọn títí dòní.

Láti ìgbà yẹn, ó jọ pé ìbínú jìnnà sí i. Àwọn méjì kan ta tẹ́tẹ́ 400 zuz pé ta ló lè mú un bínú. Zuz kan àti dínárì kan, ọgbọọgba ni wọ́n, nítorí náà owó iṣẹ́ 800 ọjọ́ lébìrà bíi ti Hillel nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn lọ kànlẹ̀kùn ẹ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé níbi tó ti ń fọ orí, ó ń bi í ní ìbéèrè radaràda, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà ni pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ àwọn ará Áfíríkà fi fẹ̀. Hillel dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n ń gbé. Èmi wo ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ náà ló bínú nígbẹ̀yìn, torí owó ẹ̀ ti lọ.

Ojúgbà Hillel ni Shammai, olùkọ́ ńlá tí ara ẹ̀ ò gba ìyẹ̀yẹ́. Kèfèrí kan lọ bá a, ó ní kó kọ́ òun ní gbogbo Òfin níwọ̀n ìgbà tí òun á fi dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Shammai fi ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lé e jáde. Ó lọ bá Hillel, ó sì gbà á wọlé. Ó sọ fún un ní ṣókí pé kó má fi ohun tí òun fúnra ẹ̀ kórìíra ṣe ọmọnìkejì, pé àlàyé ìyẹn ni gbogbo ìyókù, kó lọ kọ́ ọ. Apá àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn máa ń rántí. Lójú tèmi, apá ìkẹyìn ló wọ̀n jù: ó ní kó lọ kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ikú wọn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì jiyàn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ọ̀kan nínú wọn sì ni ta ló yẹ kí wọ́n kọ́. Àwọn ti Shammai ní ọlọ́gbọ́n, onírẹ̀lẹ̀, ọmọ ìdílé rere àti ọlọ́rọ̀ nìkan ni. Àwọn ti Hillel ní gbogbo ẹni tó bá wá ni. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀gá wọn ti sùn sábẹ́ òjò dídì nítorí owó ẹnu ọ̀nà, kò ní yà á lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ owó náà ò ṣàì kàn án. Òfin Mósè ní kí wọ́n dárí gbèsè jini ní gbogbo ọdún keje. Tí ọdún keje bá ti ń sún mọ́lé, olówó ò ní yá tálákà ní kọ́bọ̀ mọ́. Hillel gbé ìwé kan kalẹ̀, prozbul ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó yáni lówó á fi gbèsè náà sọ́wọ́ ilé ẹjọ́, ọdún keje ò sì ní pa á rẹ́. Bí mẹ̀kúnnù ṣe tún rí owó yá nìyẹn. Wọ́n tún sọ pé ó ń tọ́jú ọlọ́rọ̀ kan tó di aláìní, tí ẹṣin àti ẹni tí ń sáré níwájú ẹṣin ti mọ́ lára. Lọ́jọ́ tí kò rí ìránṣẹ́ háyà, Hillel fúnra ẹ̀ ló sáré níwájú ẹṣin.

Ọgọ́rin ni wọ́n ka àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀ sí. Yohanan ben Zakkai ni wọ́n kà sí ẹni tó kéré jù nínú wọn, òun náà ló sì dá ilé ẹ̀kọ́ Yavneh sílẹ̀ nígbà tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70. Àwọn Júù ka Gàmálíẹ́lì mọ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ẹ̀yin Krìstẹ́nì mọ̀ ọ́n nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì: lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti kàwé.

Báwo ni orúkọ ẹ̀ ṣe wá dé yunifásítì? Ní 1923, rábì ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Benjamin Frankel bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ní University of Illinois, ó sì pè é ní Hillel. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Chauncey Baldwin, Krìstẹ́nì tó ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn: ó rí i pé àwọn ọmọ Júù ò mọ nǹkan ìní àwọn baba wọn. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré ni Frankel nígbà tó kú ní 1927, Abram Sachar ló sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní ilẹ̀ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ti ní ẹgbẹ́ tó so yunifásítì pọ̀ láti 1919. Ilé Hillel kan tún wà ní Endsleigh Street, nítòsí Euston, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ẹ má rò pé àwa ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ní 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ òfin ní London, wà lára àwọn tó dá WASU sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílé ò gba dúdú sílé. Ó padà sí Áfíríkà lọ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọba àti ará ìlú, ó sì ṣí ilé WASU ní Camden Road ní 1933.

Ní agbègbè tiwa, University of East London wà ní Longbridge Road títí di 2006, Coventry University sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ sínú Civic Centre àtijọ́ Dagenham ní 2017. Ọmọ tèmi ò lọ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọ̀nà jíjìn ló lọ. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́fà ń wá yàrá tí wọ́n á ti máa pàdé lálẹ́ Tọ́sìdeè, pé ẹni méjì nínú wọn ò gbọ́ Yorùbá rárá. Mo ní kó má lé ẹnikẹ́ni padà. Màá gbé mọ́ínmọ́ín wá.