Mohammad Mosaddegh: Ẹni Tó Gba Epo Ìlú Rẹ̀ Lọ́wọ́ Àjèjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan la fẹ́ sọ fún yín ní oṣù yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Mohammad Mosaddegh, ọmọ ilẹ̀ Ìráànì. Kì í ṣe ọ̀gágun, kò sì ní ọmọ ogun tó lè dojú kọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ló kọ́, òfin náà ló sì fi jà. Gbogbo wa la máa ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ti fi òfin de ìlú kan, pé kí ẹnikẹ́ni má bá a rà, kí ẹnikẹ́ni má bá a tà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú ìdè bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ fara sin sí, kí ó wo ohun tí ojú Mosaddegh rí.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọdún 1882 ni wọ́n bí Mosaddegh ní ìlú Tehran. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí. Baba rẹ̀ wà lára àwọn tó ń bójú tó àpò owó ìjọba, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìdílé Qajar tó ń jọba nígbà náà. Ìyá rẹ̀ yìí ló dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Tehran, tó sì fi ṣe sàdákà járíyà. Mosaddegh kò tíì dàgbà púpọ̀ tí wọ́n fi fi í ṣe olùṣírò owó orí ní agbègbè Khorasan. Lẹ́yìn náà ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kọjá sí Switzerland, níbi tó ti gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Neuchâtel ní ọdún 1914. Ọ̀rọ̀ wàsíyà nínú òfin Islaam ni ìwé tó fi gba oyè náà dá lé lórí.

Ilẹ̀ tí àjèjì méjì pín

Kí ó tó lọ sí òkè òkun ni ó ti rí ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń du ilẹ̀ Éṣíà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára Jámánì ń ga sí i, tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn méjèèjì, wọ́n parí ìjà wọn ní ọdún 1907, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Nínú ìwé náà, wọ́n fi àríwá Ìráànì sábẹ́ ọwọ́ Rọ́ṣíà, wọ́n fi gúúsù ìlà-oòrùn sábẹ́ ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi àárín sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè lò ó. Wọn kò pe ará Ìráànì kankan síbi tí wọ́n ti ń pín Ìráànì. Bí àwọn alágbára méjì bá di ọ̀rẹ́ lójijì, kí ẹni tó wà láàrin wọn yáa wo ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1941. Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ti para pọ̀ láti bá Hitler jà, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi kó ohun ìjà lọ sí Rọ́ṣíà. Wọ́n kógun wọ Ìráànì bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìráànì ti kéde pé òun kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọba Reza Shah fi ìtẹ́ sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ Mohammad Reza sì gorí oyè. Mosaddegh ti tako Reza Shah láti ọdún 1925 tí wọ́n fẹ́ fi í jọba, ó sì jẹ ìyà rẹ̀, nítorí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1940. Ní ọdún 1944 ó padà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ọdún náà gan-an ni òfin tó gbé kalẹ̀ jáde, pé kí mínísítà kankan má ṣe bá àjèjì dúnàádúrà lórí epo láìgba àṣẹ ilé.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì

Ní ọdún 1901, ọba ìgbà náà fún ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Knox D'Arcy ní àṣẹ láti wá epo lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ìráànì fún 60 ọdún. Ìpín 16 nínú 100 èrè ni wọ́n ní kí Ìráànì máa gbà. Ní ọdún 1908, epo jáde. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi èédú sílẹ̀, wọ́n ń lo epo, nítorí náà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ra ju ìdajì ilé-iṣẹ́ náà lọ ní ọdún 1914. Ilé-iṣẹ́ yìí ni wọ́n wá ń pè ní Anglo-Iranian. Ilé ìfọpo rẹ̀ tó wà ní Abadan ló tóbi jù lọ láyé nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn lébìrà tó jẹ́ ọmọ ìlú ń gbé nínú ahéré páálí àti páànù ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Kaghazabad, èyí tó túmọ̀ sí ìlú onípépà. Owó orí tí ilé-iṣẹ́ náà ń san sí àpò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju èyí tó ń fún Ìráànì tó ni epo lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìjọba Ìráànì yẹ ìwé ìṣirò owó wọn wò.

Nígbà tí ọdún 1950 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń wa epo ní Saudi Arabia gbà láti máa pín èrè ní ìdajì-ìdajì pẹ̀lú ìjọba ibẹ̀. Anglo-Iranian fi irú rẹ̀ falẹ̀ títí sùúrù àwọn ará ìlú fi tán. Ní oṣù kẹta ọdún 1951, ilé aṣòfin dìbò pé kí epo di ti ìlú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, wọ́n yan Mosaddegh ní olórí ìjọba. Òfin tí wọ́n ṣe kò sọ pé kí a fi agbára jẹ ẹrù onílé-iṣẹ́ gbé, nítorí ó la ọ̀nà sílẹ̀ láti san owó gbà-máà-bínú fún wọn.

Ìdè tí wọ́n fi de Ìráànì

Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ronú ogun. Wọ́n kó ọkọ̀ ogun sí itòsí Abadan, ṣùgbọ́n Truman tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i, nítorí ó ń bẹ̀rù pé Rọ́ṣíà yóò gba ìhà àríwá wọlé. Ni wọ́n bá yí sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ kíyè sí i, nítorí ọgbọ́n yìí kò tíì kúrò láyé.

Ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ tì. Wọ́n kéde káàkiri ayé pé ẹni tó bá ra epo Ìráànì, ẹrù olè ló rà, àwọn yóò sì pè é lẹ́jọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ńláńlá yòókù gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n tún kó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn kúrò ní Abadan, títí ẹni tó kẹ́yìn fi lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1951. Wọ́n wá nawọ́ sí owó: owó pọ́n-ún tí Ìráànì fi pamọ́ sí London kò ṣeé ná bó ṣe wù ú mọ́. Wọ́n sì fòfin de ṣúgà àti irin, kí ẹnikẹ́ni má kó o láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ìráànì mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Rose Mary dán an wò ní ọdún 1952, tó gbé epo Ìráànì, Aden tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dá a dúró sí, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ sì dá epo náà fún Anglo-Iranian.

Epo tí Ìráànì wà ní ọdún 1950 tó nǹkan bí àgbá mílíọ̀nù 240. Ní ọdún 1952, kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 11 lọ. Síbẹ̀ ayé kò wá epo tì. Kí ló fà á? Àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi kún èyí tí wọ́n ń wà ní Kuwait, Saudi Arabia àti Íràkì. Ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi dí àlàfo tí wọ́n fi ń fi ebi pa Mùsùlùmí mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn onílẹ̀ ló jókòó pinnu rẹ̀.

Bó ṣe fi òfin jà

Mosaddegh kò jókòó lásán. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1951, ó gbéra lọ sí New York, ó sì ro ẹjọ́ ìlú rẹ̀ níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1952, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ pé òun kò ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì pè. Adájọ́ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an dìbò sí ìhà tí Ìráànì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé òfin, ẹ rántí adájọ́ yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Mosaddegh ti fi ipò sílẹ̀ nítorí pé ọba kò fẹ́ kí ó ṣàkóso iṣẹ́ ológun. Àwọn ará ìlú tú jáde, sójà yìnbọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ọba sì dá a padà ní ọjọ́ 21 oṣù keje. Ìjọba rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó dín ọjà tí wọ́n ń kó wọlé kù, ó sì mú kí wọ́n máa ta ohun mìíràn yàtọ̀ sí epo sí òkè òkun. Ní ọdún 1953, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan fi ọkọ̀ Nissho Maru wá ra epo Ìráànì, ilé-ẹjọ́ Japan kò sì gba ẹ̀bẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìyà wà, ṣùgbọ́n ìlú kò tíì wó.

Nígbà tí ògiri lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ebi àti àìlówó ti ń mú kí àwọn ènìyàn máa kùn, àwọn tó sì ti Mosaddegh lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ń yà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayatollah Kashani, àgbà ààfáà tó ti kó èrò jọ fún un, di alátakò rẹ̀. Òun náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Ó gba agbára ṣíṣe òfin láìsí ilé aṣòfin, àti ní oṣù kẹjọ ọdún 1953 ó ní kí ìlú dìbò láti tú ilé náà ká, wọ́n sì ya àpótí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ sọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo ojú ló ń rí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dìbò sí. Ẹni tó fi òfin jà kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń wá àyè rí àyè. Eisenhower ti di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ìjọba Churchill sì ti mú kí Amẹ́ríkà gbà pé bí Mosaddegh bá pẹ́ níbẹ̀, àwọn kọ́múníìsì yóò gba Ìráànì. Àwọn òṣìṣẹ́ aṣàmì ìlú méjèèjì pawọ́ pọ̀. Wọ́n náwó fún àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn ológun, àwọn olóṣèlú àti àwọn jàǹdùkú. Ìdìtẹ̀ àkọ́kọ́ kùnà ní òru ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọba sì sá lọ sí Baghdad, ó sá dé Róòmù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19, èrò àti sójà kọlu ilé Mosaddegh, nǹkan bí 300 ènìyàn sì kú. Ọ̀gágun Zahedi gba ipò rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Amẹ́ríkà fún ìjọba tuntun ní 45 mílíọ̀nù dọ́là. Ìdè tí wọn kò tú fún olóòótọ́, wọ́n tú u fún ẹni tó ṣe tiwọn. Ọdún 2013 ni àjọ aṣàmì Amẹ́ríkà tó jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òun ló ṣètò iṣẹ́ náà.

Ohun tó tẹ̀ lé e

Ní ọdún 1954, wọ́n pín epo náà. Ìpín 40 nínú 100 padà sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà gba 40, Shell gba 14, Faransé gba 6. Ní ọdún 1955, wọ́n mú Ìráànì wọ Àdéhùn Baghdad, ẹgbẹ́ ológun tí Gẹ̀ẹ́sì, Tọ́kì, Íràkì àti Pakistan wà nínú rẹ̀, tí Amẹ́ríkà sì ń tì lẹ́yìn láti fi dènà Rọ́ṣíà. Ìlú tí wọ́n fi ebi dè ní ọdún 1951 ni wọ́n wá fi ṣe odi ara wọn. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Íràkì kúrò ní ọdún 1959, ó sì tú ká pátápátá ní ọdún 1979 lẹ́yìn tí àwọn ará Ìráànì lé ọba náà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan ilé wa. Ọdún 1954 ni Anglo-Iranian yí orúkọ padà sí British Petroleum, tí a mọ̀ sí BP. Òun àti Shell ló jọ wá epo ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi rí i ní Oloibiri ní ọdún 1956. Ní ọdún 1979, ìjọba Nàìjíríà gba ìpín BP nítorí ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sí South Africa, níbi tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń jọba. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ti Mosaddegh ṣubú, àwọn mìíràn rí i ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ikú rẹ̀

Ilé-ẹjọ́ ológun rán Mosaddegh lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Wọ́n yìnbọn pa Hossein Fatemi tó jẹ́ mínísítà rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1954. Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n há a mọ́ abúlé rẹ̀ ní Ahmadabad títí ó fi kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1967. Ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sin òun sáàrin àwọn tó kú ní oṣù keje ọdún 1952, ọba kò gbà. Inú yàrá tó ti ń jẹun ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ọkọ̀ ogun, títi ọjà pa àti gbígbẹ́sẹ̀ lé owó kò gbé Mosaddegh ṣubú fún ọdún méjì gbáko. Ọjọ́ tí ilé tú ká ni ọ̀tá wọlé. Iṣẹ́ tí ìdè ọrọ̀ ajé wà fún nìyẹn: kí ó ni àwọn ará ilé lára títí wọn yóò fi kọjú sí ara wọn. Ẹ kọ́ ìmọ̀, kí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣiṣẹ́ nígbà tí àjèjì bá kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Bí a bá sì ní èdè-àìyedè, ẹ jẹ́ kí á parí rẹ̀ nínú ilé. Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìmọ̀ àti ìṣọ̀kan jíǹkí wa. Àmín.