Mary Jones àti Ọ̀nà Bala

Ìlú kékeré kan ń bẹ ní ìhà àríwá ilẹ̀ Wales tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bala. Ìlú ọjà ni láti ìgbà láéláé. Ní nǹkan bí ọdún 1310 ni a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, òpópónà gígùn kan ni ó sì la àárín rẹ̀ já. Adágún Tegid, èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo adágún tí Ọlọ́run dá sí ilẹ̀ Wales, wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú náà, àwọn òkè Aran àti Arenig sì ń wò ó láti òkèèrè. Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn ará Bala ni híhun ìbọ̀sẹ̀ láti inú irun àgùntàn. Tọkùnrin tobìnrin àti àwọn ọmọdé ni í máa hun ún. Bí wọ́n ti jókòó ni wọ́n ń hun ún, bí wọ́n sì ti ń rìn lọ́nà ni ọwọ́ wọn kò sinmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀ ni ó mú kí orúkọ Bala dé etí àwa tí a wà ní Kúta àti Ìwó. Ọmọbìnrin tálákà kan ni, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibẹ̀ ní ọdún 1800 láti lọ ra ìwé kan ṣoṣo.

Mary Jones ni orúkọ ọmọ náà. A bí i ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ọdún 1784, ní abúlé tí à ń pè ní Llanfihangel-y-Pennant. Kí ẹni tí ó bá ń ráhùn pé orúkọ àwọn ìlú wa ṣòro fún àlejò láti pè kọ́kọ́ gbìyànjú èyí ná! Abúlé náà wà ní ẹsẹ̀ òkè Cader Idris, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,930 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn òkè Ìdànrè wa dọ́gba. Ahunṣọ ni Jacob Jones baba rẹ̀. Mary ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí baba náà kú, ó sì ku òun àti ìyá rẹ̀ nínú ilé olókùúta kékeré kan. Òtútù ibẹ̀ kò mọ ní ìwọ̀n, ilẹ̀ náà kò sì lọ́ràá, nítorí náà kò sí ohun tí opó kan lè fi pamọ́ lẹ́yìn oúnjẹ òòjọ́.

A ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Welsh láti ọdún 1588, nípa iṣẹ́ àlùfáà kan tí ń jẹ́ William Morgan. Bíbélì náà wà, ṣùgbọ́n kò kárí. Owó rẹ̀ ga ju agbára ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oko lọ, ìgbà pípẹ́ sì máa ń kọjá kí a tó tún òmíràn tẹ̀. Ní àdúgbò Mary, ilé olóko kan tí ó jìnnà tó máìlì méjì ni Bíbélì wà. Kí ni ọmọ tí kò tilẹ̀ mọ ìwé kà yóò fi í ṣe? Ìdáhùn dé nígbà tí Mary tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Abergynolwyn, tí òun náà jìnnà tó máìlì méjì sí ilé wọn.

Ẹni tí ó wà ní ìdí ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Thomas Charles, ó sì yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí fi ara balẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ díẹ̀. A bí i ní 1755 ní ìhà gúúsù Wales, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, a sì fi í jẹ àlùfáà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ní 1783 ó gbé Sally Jones ní ìyàwó, obìnrin ará Bala tí ó ní ilé ìtajà, ó sì kó lọ sí ìlú ìyàwó rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọ fún ìgbà díẹ̀ ní àgbègbè náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ kò gba ìtara rẹ̀, nítorí pé ó ń kó àwọn ọmọ wọn jọ láti bi wọ́n ní ìbéèrè ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, wọ́n sì mú kí a dá a dúró. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi pa èyí mọ́ nínú ìwé ìròyìn ìjọ: ìjọ tiwa ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó darapọ̀ mọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Wales ní 1784. Òwò ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bọ́ ilé, èyí sì fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó wà ní ọkàn rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó gbà ṣe é kò le. Ó wá àwọn ọkùnrin tí ìwà wọn dára, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ wọn. Ó wá rán wọn sí àwọn abúlé. Olùkọ́ kan a gbé abúlé kan fún oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, títí tèwe tàgbà yóò fi lè kàwé, lẹ́yìn náà a ṣí lọ sí abúlé mìíràn. Griffith Jones ti Llanddowror ti ṣe irú èyí ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán kí Charles tó gbé e dìde. Èdè Welsh, tí àwọn ọmọ náà ń sọ nílé, ni a fi ń kọ́ wọn. Àwọn kan bá a wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kí a kọ́ wọn. Èsì Charles ni pé ní oṣù díẹ̀ ọmọ lè kàwé ní èdè tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni yóò fi pe ọ̀rọ̀ tí kò yé e; àti pé ẹni tí ó bá ti mọ Welsh kà ni ó máa ń yára kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á gbọ́. Ní ọ̀rúndún 19, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Wales, pákó kékeré kan ni a máa ń so mọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, láti ọrùn ọmọ kan dé ọrùn èkejì, ẹni tí ó bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ tú ni yóò jẹ ìyà. Àwa tí a kàwé ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí a túmọ̀ èyí fún wa. A mọ owó ìtanràn tí a ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fàáfà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ohun tí wọ́n fi hàn ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Charles ti rí i ní Bala ní ohun tí ó lé ní 150 ọdún ṣáájú.

Mary kọ́ ìwé kíkà, ó sì ń lọ sí ilé olóko náà láti ka Bíbélì wọn. Lẹ́yìn náà ni ó pinnu pé òun yóò ní ti òun. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń kó owó jọ, kọ́bọ̀ kan lórí kọ́bọ̀ kan, nínú iṣẹ́ kéékèèké tí ọmọdé lè ṣe fún àwọn aládùúgbò. Nígbà tí owó pé, a sọ fún un pé kò sí ibi tí ó ti lè rí Bíbélì rà bí kò ṣe lọ́wọ́ Thomas Charles ní Bala.

Máìlì 25 ni ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn yóò mọ bí ó ti rí, nítorí jíjìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n kí ó fi òkè Cader Idris, àfonífojì àti ìbú adágún Tegid kún un. A sọ pé ẹsẹ̀ lásán ni ó fi rìn ín. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ìtàn pín sí méjì níhìn-ín. Àwọn kan sọ pé gbogbo Bíbélì tí ó wà lọ́wọ́ Charles ni a ti tà tàbí tí a ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé ọmọ náà bú sẹ́kún, tí Charles kò sì lè rí omijé rẹ̀ kí ó má fi ọ̀kan fún un. Èyí ni ìwé Mary Ropes ti 1882 sọ di mímọ̀ ní gbogbo ayé. Àwọn mìíràn, tí ìròyìn wọn ti ẹnu Mary fúnra rẹ̀ wá, sọ pé àwọn Bíbélì náà kò tí ì dé ni, pé a fi í wọ̀ sí ilé ìránṣẹ́ Charles títí wọ́n fi dé, ó sì gba mẹ́ta ní iye owó ọ̀kan. Ti ìkejì ni mo fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé inú rẹ̀ kéré. Nítorí méjì nínú àwọn Bíbélì náà ṣì wà títí di òní, ọ̀kan ní Cambridge, ọ̀kan ní ilé ìkàwé gbogbogbòò ilẹ̀ Wales ní Aberystwyth.

Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀ràn náà kò fi Charles sílẹ̀. Ẹgbẹ́ SPCK ti tẹ 10,000 Bíbélì èdè Welsh ní 1799, kíá ni wọ́n sì tán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń béèrè síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1802 ó bá ìgbìmọ̀ kan jókòó ní London, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa pèsè Bíbélì fún Wales. Joseph Hughes, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, ni ó dáhùn pé bí a bá lè ṣe é fún Wales, èé ṣe tí a kò fi ní ṣe é fún gbogbo ayé? Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, ọdún 1804, a dá Ẹgbẹ́ Bíbélì sílẹ̀. Èmi kò ní sọ pé ẹsẹ̀ Mary nìkan ni ó bí i; irú Mary pọ̀ tí Charles ti rí, àwọn tí ó sì ti padà ní ọwọ́ òfo pọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó tẹ Bíbélì Yorùbá fún wa, nígbà tí iṣẹ́ tí Samuel Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀, tí Thomas King àti àwọn mìíràn sì ràn án lọ́wọ́, parí ní 1884.

Mary kò kúrò nínú òṣì. Ní 1813 ó fẹ́ Thomas Lewis, tí òun náà jẹ́ ahunṣọ, wọ́n sì lọ ń gbé ní Bryncrug. Ó sin púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní kékeré. Ó ń sin oyin, nínú owó tí ó ń rí lórí oyin yìí ni ó sì ti ń mú fún iṣẹ́ Bíbélì. Ní àwọn ọdún 1850, nígbà tí a ń kó owó jọ láti fi mílíọ̀nù kan Májẹ̀mú Titun ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Ṣáínà, obìnrin arúgbó yìí mú ṣílè 10 wá. Ojú rẹ̀ fọ́ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ọdún 1864, nínú ọdún kan náà tí a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí orúkọ olókìkí.

Ẹni tí ó bá lọ sí Bala nísinsìnyí yóò rí ilé ìjọsìn àtijọ́ ní Llanycil, ní etí adágún, níbi tí a sin Thomas Charles sí ní 1814. Láti 2014 ni Ẹgbẹ́ Bíbélì ti sọ ọ́ di ibi tí a ti ń sọ ìtàn Mary fún àlejò. Àwọn ènìyàn ṣì ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà. Ní Llanfihangel, ògiri ilé tí ó ti wó ni ó kù, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́-Ìsinmi sì gbé òkúta ìrántí kan ró sí àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí ó wà ní Cambridge ni èmi ìbá fẹ́ fi ojú rí. Mary fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí inú rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán mọ́rán: ọjọ́ tí a bí i, orúkọ baba àti ìyá rẹ̀, àti pé òun ra ìwé náà ní ọdún kẹrìndínlógún ọjọ́ orí òun.