Àjàyí Crowther: Ọ̀gá Èdè tí ó Mọ Ìwọ̀n Ara Rẹ̀

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, Àjàyí Crowther dúró níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown, ó sì wàásù fún wọn ní èdè abínibí wọn. Ìsìn àkọ́kọ́ tí a ṣe ní èdè Yorùbá ní ìlú náà nìyẹn. Oníwàásù náà ní tirẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ìyá òun ni, ńṣe ni òun dà bí ìkókó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọhùn. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òpè. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ìyẹn 1843, ni a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún náà gan-an ni a sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kó jọ jáde.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ kò farasin. Ìlú Òṣogùn ni a ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1806 sí 1809. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ọmọdé ni nígbà náà. Èdè ọmọdé sì ni Yorùbá tí ó bá a wọ ọkọ̀. Ní Sàró, ó mọ ìwé kà kíákíá, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825 pẹ̀lú orúkọ Samuel Crowther. Nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, orúkọ tirẹ̀ ni ó ṣáájú nínú ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó di olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni ó sì fi ń kọ́ni fún ọdún púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ti gbọ́ èdè kan láti kékeré ni ó máa ń rò pé òun mọ̀ ọ́n tán. Crowther kò sí lára wọn. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25, ó fi ara rẹ̀ sí ipò akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ẹnu ni ó ń ṣọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń wá kiri bá jáde lẹ́nu ẹnìkan níbi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣa òwe jọ, ó sì tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn abọ̀rìṣà pàápàá, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìjìnlẹ̀ èdè wà. Ó lo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wọ Yorùbá, bí àlùfáà àti àdúrà, láìfi ti ẹ̀sìn ṣe. Kò sì dá iṣẹ́ Bíbélì ṣe. Thomas King, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, ṣe bẹbẹ níbẹ̀, àwọn mìíràn náà sì bá wọn dá sí i. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850. Ó di 1884 kí odindi Bíbélì tó jáde. Bí a bá ń bi ara wa léèrè ìdí tí èdè Bíbélì náà fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, sùúrù ẹni tí kò gbà pé òun ti mọ̀ tán wà lára ìdáhùn.

Lórí Odò Ọya náà, ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ti bá àwọn òyìnbó gun odò náà ní 1841, nígbà tí ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó 145, ó sì tún lọ ní 1854, nígbà tí oògùn kuiníìnì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní Onitsha ní 1857, J. C. Taylor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ni ó fi síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé kíkà fún àwọn Ìgbò, ó sì ṣe gírámà èdè Tápà, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni ó ń lò bí ó bá fẹ́ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀. Níwájú àwọn Mùsùlùmí, kì í bá wọn jiyàn. Nígbà tí ó ṣe àbẹ̀wò sí Ìlọrin ní 1872, ẹsẹ Bíbélì ní Yorùbá ni ó ń ṣí tí ó sì ń kà láti fi dáhùn ìbéèrè wọn, èyí tí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè bíṣọ́ọ̀bù ni ó le. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., gbà gbọ́ pé ó yẹ kí ìjọ Áfíríkà wà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà, Crowther ni ó sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Crowther kọ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ajíyìnrere òyìnbó kò ní fẹ́ fi orí sábẹ́ adúláwọ̀. Henry Townsend tí ó wà ní Abẹ́òkúta kò tilẹ̀ fi àtakò tirẹ̀ pamọ́. Venn rọ̀ ọ́ bí bàbá ti ń rọ ọmọ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Bóyá ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ni ó tọ̀nà jù nínú gbogbo ìdájọ́ tí ó ṣe nípa ara rẹ̀, òun náà sì ni wọn kò jẹ́ kí ó tẹ̀ lé.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ìtẹ́ tí wọ́n tẹ́ fún Crowther kò bá a mu. Agbègbè tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un. Èkó ni ó ń gbé, Èkó sì ti di ti Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, nítorí náà kò ní àṣẹ níbẹ̀. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè tí ó mọ̀ jù lọ, wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí kò fẹ́ ẹ. Odò Ọya ni ó kù: ilẹ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn, tí ó jìnnà réré, tí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò nìkan sì ń gbé e dé fún ọdún púpọ̀. Ní 1867 ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko tilẹ̀ mú un sí àhámọ́ lẹ́bàá Ìdà. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà á sílẹ̀ kú nípa ọfà olóró.

Àwọn ọmọ Sàró ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Owó oṣù wọn kéré, ojú ọ̀gá sì jìnnà sí wọn. Àwọn kan ń ṣòwò, ìwà àwọn mìíràn sì ba iṣẹ́ jẹ́. Crowther á bá wọn wí, á tún fún wọn láyè láti yí padà. Ìwà pẹ̀lẹ́ àti sùúrù tí ó sọ ọ́ di ọ̀gá nínú ìtumọ̀ èdè ni ó di àléébù lọ́wọ́ alákòóso. Kò dájú pé ó rí èyí dáadáa nínú ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò gbọ́ Ìgbò. Pé òun kò le tó lórí ọmọ iṣẹ́, kò jọ pé ó mọ̀ ọ́n.

Venn kú ní 1873, àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì ní irú ojú tí ó fi ń wo Crowther. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ kan jókòó ní Onitsha. Lára wọn ni J. A. Robinson àti G. W. Brooke, tí a kò tíì bí nígbà tí Crowther gba oyè àlùfáà. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀, bàbá arúgbó náà sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ti wọ aṣọ Haúsá lọ́rùn ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ní àwọn yóò yí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Òkè padà. Robinson kú ní oṣù kẹfà ọdún 1891, Brooke ní oṣù kẹta ọdún 1892, èso iṣẹ́ wọn kò sì tó nǹkan.

Crowther lo ìyókù agbára rẹ̀ láti gba ti ìjọ agbègbè Delta rò, kí wọ́n lè máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa ṣàkóso ara wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ọmọ rẹ̀ Dandeson sì di olórí ìjọ náà ní ọdún kejì. Òyìnbó kan, J. S. Hill, ni wọ́n fi sípò bíṣọ́ọ̀bù tí ó fi sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ní 150 ọdún lẹ́yìn ìfijoyè rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, Justin Welby, ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nítorí ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí.