Omi tó ń kán lára éésì: ìtàn Willis Carrier, bàbá ẹ̀rọ amúlétutù

Bí éésì yín bá ń kán omi sórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹ fara balẹ̀ ná kí ẹ tó pe ẹni tó máa tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó rọ omi sínú ẹ̀rọ yẹn. Inú afẹ́fẹ́ yàrá yín gan-an lomi náà ti wá. Fífa omi yìí jáde sì ni iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe irú ẹ̀rọ yìí lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó máa fi mú ara tu èèyàn. Ẹni tó ṣe é ni Willis Haviland Carrier, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 1950.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe sọ ọ́. Amúlétutù là ń pe ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n omi inú fíríìjì tutù, aṣọ tí òjò pa náà tutù. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe òtútù àti ọ̀rinrin. Gbogbo iṣẹ́ tí Carrier ṣe láyé ni pé ó ya méjèèjì sọ́tọ̀: ó fi òtútù lé ọ̀rinrin jáde.

Ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ ìṣirò

Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1876 ni wọ́n bí i, lórí oko kan nítòsí ìlú Angola ní ìpínlẹ̀ New York. Kì í ṣe Angola tilẹ̀ Áfíríkà o. Òun nìkan lọmọ táwọn òbí ẹ̀ bí. Nígbà tó wà ní kékeré, ìṣirò tó jẹ mọ́ ìdajì àti ìdá mẹ́rin kò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Ìyá ẹ̀ ní kó lọ gbé èso ápù wá. Ó gé e sí méjì, ó gé e sí mẹ́rin, ó gé e sí mẹ́jọ, ó wá ní kó máa rò ó pọ̀, kó máa yọ ọ́. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ náà ti là. Látìgbà yẹn lọ, bí ìṣòro bá dé, ṣe ló máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú ẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ìyá yẹn kú.

Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló fi wọ Yunifásítì Cornell, ó sì ń gé koríko fáwọn èèyàn, ó ń bá wọn dáná sílé nígbà òtútù. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tún dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe họ́sù pọ̀ mọ́ ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ yín ni. Lọ́dún 1901 ló gboyè jáde, ilé iṣẹ́ Buffalo Forge sì gbà á síṣẹ́ ní dọ́là 10 lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná àti èyí tó ń gbẹ pákó àti kọfí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan: ẹ̀rọ ìgbóná lọkùnrin tó mú ayé tutù kọ́kọ́ ń ṣe.

Bébà tó ń fẹ̀, tó ń sún kì

Lọ́dún 1902, ilé ìtẹ̀wé Sackett-Wilhelms ní Brooklyn wà nínú wàhálà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n á tẹ pupa, bébà á gbẹ, wọ́n á tún gbé e padà wá tẹ búlúù lé e. Ṣùgbọ́n tí omi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bébà á fẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bébà á sún kì. Bí àwọ̀ kejì bá fi máa dé, kò ní bọ́ sí ojú àkọ́kọ́ mọ́, àwòrán á wá rí wúruwùru. Bébà ń ṣòfò, iṣẹ́ ń pẹ́, àwọn oníbàárà ń bínú. Ẹ̀yin tí ilẹ̀kùn onígi yín máa ń há lásìkò òjò, tó sì máa ń ṣí wẹ́rẹ́ nígbà ọyẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n gbé ìṣòro yìí wá fún Carrier. Ọmọ ọdún 25 ni, kò tíì pẹ́ tó ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ìgò mínírà tútù máa ń ṣe lórí tábìlì ló lò. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde látinú fíríìjì, ara ẹ̀ á làágùn. Omi yẹn ò jò láti inú ìgò. Afẹ́fẹ́ tó kàn án ló tutù débi pé kò lè gbé omi inú ẹ̀ mọ́, ló bá sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ìrì ṣe ń sẹ̀ lórí koríko náà nìyẹn. Carrier wá to àwọn páìpù tí nǹkan tútù ń gba inú wọn kọjá, ó sì fi fáànù fẹ́ afẹ́fẹ́ ilé iṣẹ́ náà lu ara wọn. Omi ń kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń lọ síbi tí bébà wà. Ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1902 ló wà lórí àwòrán iṣẹ́ náà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ń kà sí ọjọ́ ìbí éésì òde òní. Òtútù tí wọ́n ṣírò fún ẹ̀rọ náà lójúmọ́ tó bí ẹni pé yìnyín 108,000 pọ́ùn, bí i 49,000 kílò, ló ń yọ́. Bébà ni wọ́n ń ṣe é fún, kì í ṣe èèyàn.

Ó tó àkókò díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró níbùdó ọkọ̀ ojú irin ní Pittsburgh lálẹ́ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Ó ń wo kùrukùru yẹn títí tí nǹkan kan fi yé e. Afẹ́fẹ́ tó kún fún omi tó báyìí tutù, nítorí náà, iye omi inú ẹ̀ kò pọ̀ rárá. Bí òun bá lè ṣe irú kùrukùru yìí, kóun sì máa yan bó ṣe máa tutù tó, òun á lè pinnu iye omi tó máa kù nínú afẹ́fẹ́. Ló bá ní kí wọ́n máa fín omi tútù sínú afẹ́fẹ́ láti fi gbẹ ẹ́. Fífi omi gbẹ nǹkan! Àwọn kan rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1906, ìjọba Amẹ́ríkà fún un níwèé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1911, ó gbé ìṣirò ẹ̀ lórí omi inú afẹ́fẹ́ síwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà. Orí ìpìlẹ̀ yẹn làwọn tó ń ṣe éésì ṣì dúró sí dòní.

Wọ́n ní kó fi sílẹ̀, kò gbà

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914, Buffalo Forge bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìnáwó kù. Wọ́n pinnu láti pa ẹ̀ka tí Carrier wà tì. Ó lè jókòó síbẹ̀ kó máa gbowó oṣù ẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, òun àtàwọn ẹnjiníà mẹ́fà mìíràn dá owó jọ, dọ́là 32,600 lápapọ̀, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1915, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́.

Fún ọdún mélòó kan, àwọn ilé iṣẹ́ ló ń wá wọn. Lọ́dún 1922, Carrier ṣe ẹ̀rọ ìmútutù tuntun tí kò nílò ammonia, gáàsì tó léwu láti gbé síbi tí èrò pọ̀ sí. Ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn. Lọ́dún 1925, wọ́n gbé e sínú ilé sinimá Rivoli ní New York. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ẹ̀rọ náà ò tètè bẹ̀rẹ̀. Èrò kún inú ilé, kálukú ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Adolph Zukor, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Paramount, jókòó sókè, ó ń wò wọ́n. Carrier àtàwọn èèyàn ẹ̀ dúró lẹ́yìn, àyà wọn ń já. Nígbà tó yá, abẹ̀bẹ̀ kan wálẹ̀, òmíràn wálẹ̀, títí gbogbo ẹ̀ fi dúró. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àwọn èèyàn ń wọ ilé sinimá torí ooru nìkan.

Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1929, ìyà sì jẹ ilé iṣẹ́ náà gan-an. Ó ní láti dara pọ̀ mọ́ àwọn méjì mìíràn kó má bàa kú. Nílé náà, ìyàwó méjì ló sin kó tó fẹ́ ẹ̀kẹta. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1950 ni Carrier kú, lẹ́ni ọdún 73, kí éésì tó di nǹkan tí ará ilé lásán lè rà. Buffalo ni wọ́n sin ín sí.

Kí ló wá kàn yín níbẹ̀?

Tí iṣẹ́ Carrier bá yé yín, owó yín ò ní máa ṣòfò. Ní Èkó tí afẹ́fẹ́ ti máa ń kún fún omi, éésì kan lè kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà ọyẹ́, omi yẹn á dín kù. Kí éésì mú omi jáde kì í ṣe àìsàn. Àìsàn ni kó gba inú yàrá jáde.

Nínú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri yín, àwo kan wà tó ń gba omi tó ń kán, páìpù kékeré kan sì ń gbé e lọ síta. Eruku àti nǹkan yíyọ̀ máa ń dí páìpù yìí, àwo á kún, á sì dà sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó gbé éésì kọ́ ló jẹ́ kí páìpù náà dagun níbì kan, omi kì í sì í ṣàn gòkè. Tí àwọ̀n tó ń gba eruku bá dọ̀tí, afẹ́fẹ́ ò ní kọjá dáadáa, yìnyín á dì sára páìpù inú. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, yìnyín á yọ́, omi á ya lulẹ̀. Gáàsì tó dín kù náà lè fa yìnyín yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn ń rọ gáàsì láì wá ibi tó ti ń jò, owó yín ló ń jẹ.

Nítorí náà, ẹ pa iná éésì, ẹ yọ àwọ̀n yẹn, ẹ fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ẹ lọ wo ìdí páìpù tó wà níta bóyá omi ń kán níbẹ̀. Bí ìta bá gbẹ, tí inú ilé ń tutù, páìpù ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ gáàsì. Bí omi bá ń ṣàn lọ sí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pa iná yàrá náà láti orí míńtà. Ẹ lè fi omi tó kán síta fọ ilẹ̀, àmọ́ ẹ má mu ún. Omi tí Carrier ní kó jáde ni, ibi tó máa gbà jáde nìkan ló kù sọ́wọ́ yín.